ÒBÍ ÀTI ỌMỌ NÍNÚ ÈTÒ KỌ̀ǸPÚTÀ: ÀLÀYÉ LÓRÍ MẸ́TỌ́Ọ̀DÙ TÍ A JOGÚN

Bí a bá pe ogún láàrin Yorùbá, gbogbo wa la mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹnìkan ti papòdà, ó fi ilé, oko, aṣọ tàbí iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, ẹbí sì jókòó láti pín in. Wọ́n lè pín in ní ìdí-igi, kí iye ìyàwó tó bímọ fún olóògbé jẹ́ iye ọ̀nà tí a ó pín in sí. Wọ́n sì lè pín in ní orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀ lọ́gbọọgba. Èyí ó wù kí wọ́n ṣe, nígbà tí ìpàdé bá tú, ohun tó kan ọmọ ti di ti ọmọ. Bó fẹ́, kó tà á. Bó fẹ́, kó tún un kọ́. Kò sí ẹni tí yóò ti ọ̀run wá yí i padà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ogún yìí náà ni àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mú lò nínú iṣẹ́ tiwọn. Wọ́n ní kíláàsì kan jẹ́ òbí, òmíràn jẹ́ ọmọ, ọmọ sì jogún mẹ́tọ́ọ̀dù òbí rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ náà á gbọ́ ọ, á mi orí, á rò pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tó rò kọ́ ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Ogún inú kọ̀ǹpútà kì í ṣe ogún pínpín. Òbí ibẹ̀ kì í kú, kò sì sí ohun tí a gbé lé ọmọ lọ́wọ́ pé kó máa mú un lọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé nígbàkúùgbà tí a bá bi ọmọ léèrè ohun tí kò mọ̀, ẹ̀rọ á gba ilé bàbá lọ láti béèrè. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin ogún tí a pín àti ogún tí a ń lọ béèrè yìí la fẹ́ tú palẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin tí ọmọ yín ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Àṣìṣe tó ń ti ibẹ̀ wá kì í ṣe kékeré. Ó ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún aláìláṣẹ rí nínú iṣẹ́ tí a gbé kalẹ̀ fún ààbò gan-an, a ó sì dé ibẹ̀.

Kí ni kíláàsì, kí ni mẹ́tọ́ọ̀dù?

Kíláàsì tí à ń wí yìí kì í ṣe ti ilé-ìwé o. Ẹ wo irin tí àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù fi ń yọ búlọ́ọ̀kù. Irin yẹn fúnra rẹ̀ kì í ṣe búlọ́ọ̀kù, a kò lè fi mọ ilé, ṣùgbọ́n òun ló sọ bí búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan yóò ti rí. Irin yẹn ni kíláàsì. Búlọ́ọ̀kù tó ti inú rẹ̀ jáde ni wọ́n ń pè ní ọ́bújẹ́ẹ̀tì. Ibi tí àfiwé náà kù sí ni pé búlọ́ọ̀kù kò mọ iṣẹ́ kankan ṣe, ọ́bújẹ́ẹ̀tì sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ní ohun tó fi pamọ́ sínú, bí orúkọ tàbí iye owó, ó sì ní àwọn iṣẹ́ tó lè ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìlànà bí yóò ti ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ni mẹ́tọ́ọ̀dù. A kì í wọ inú ọ́bújẹ́ẹ̀tì lọ tú ẹrù rẹ̀. Orúkọ mẹ́tọ́ọ̀dù la ó pè, òun náà á sì dáhùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀

Ìlú Oslo ní orílẹ̀-èdè Norway ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì kan, Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard, ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Norsk Regnesentral. Wọ́n ti ṣe èdè kan tó ń jẹ́ Simula, èyí tí a fi ń mú kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé ohun tó ń lọ láyé: bí èrò ti ń tò, bí ẹrù ti ń wọ ilé-iṣẹ́ tó sì ń jáde, bí ọkọ̀ ti ń dúró de ara wọn. Ọ̀kan nínú àpẹẹrẹ tí wọ́n ń gbé yẹ̀ wò ni ti afárá kan tí wọ́n ti ń gbowó lọ́wọ́ ọkọ̀. Àwọn ọkọ̀ tó tò síbẹ̀ kì í ṣe irú kan náà. Àwọn kan jẹ́ akẹ́rù, àwọn kan jẹ́ bọ́ọ̀sì. Orí ìlà kan ṣoṣo sì ni gbogbo wọ́n wà. Bí a bá kọ ìlànà bí ọkọ̀ ṣe ń tò sínú kíláàsì bọ́ọ̀sì, a tún ní láti kọ ọ́ sínú ti akẹ́rù. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ tún un ṣe, ibi méjì la ó ti tún un ṣe, ẹni tó bá sì gbàgbé ọ̀kan ti dá wàhálà sílẹ̀.

Láàrin ìparí ọdún 1966 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1967 ni ojútùú yọ sí wọn. Wọ́n á kọ kíláàsì kan fún ohun tó pa gbogbo ọkọ̀ pọ̀, wọ́n á wá fi orúkọ rẹ̀ síwájú kíláàsì bọ́ọ̀sì àti kíláàsì akẹ́rù. Ohun tó wà nínú ti iwájú á di ti ẹ̀yìn pẹ̀lú. Nínú èdè tuntun náà, Simula 67, orúkọ tí wọ́n fún ti iwájú ni àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, irú èyí tí àwọn onígírámà wa mọ̀, tí a fi ń sọ lọ di àlọ. Ẹ̀bùn Turing, tó ga jù láàrin àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ti ọdún 2001 tẹ àwọn méjèèjì lọ́wọ́. Ní 2002 ni wọ́n sì kú, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí ara wọn.

Àwọn tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn fún un ní orúkọ tó wù wọ́n. Ní ilé ìwádìí Xerox ní Palo Alto, California, Alan Kay, Dan Ingalls, Adele Goldberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe Smalltalk. Ohun tí wọ́n pe òbí níbẹ̀ ni kíláàsì òkè. Bjarne Stroustrup, ọmọ Denmark tó ti lo Simula nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Cambridge, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní 1979 lórí èdè tó padà di C++. Òun pe òbí ní kíláàsì ìpìlẹ̀, ó sì pe ọmọ ní èyí tí a fà yọ. Àwọn olùkọ́ ló fẹ́ràn òbí àti ọmọ jù, nítorí ó yá létí. Lójú tèmi, ìpìlẹ̀ ló sún mọ́ òtítọ́ jù. Ìpìlẹ̀ kì í gbé nǹkan fún ilé kó wá kúrò níbẹ̀. Abẹ́ ilé ló wà títí, bí ó bá sì yẹ̀, ara ògiri la ó ti rí i. Ṣùgbọ́n òbí àti ọmọ lẹnu ti mọ́, òun náà la ó máa lò.

Bí ìbéèrè ṣe ń rìn

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí afárá yẹn. Ká ní kíláàsì Ọkọ̀ ní mẹ́tọ́ọ̀dù mẹ́ta: tò, sanwó, àti kọjá. Kíláàsì Bọ́ọ̀sì jẹ́ ọmọ Ọkọ̀, òun fúnra rẹ̀ sì kọ ọ̀kan kún un, gbérò. Bí a bá ní kí bọ́ọ̀sì kan gbérò, ẹ̀rọ á wo kíláàsì Bọ́ọ̀sì, á rí i níbẹ̀, ó parí. Bí a bá ní kó tò ńkọ́? Ẹ̀rọ á kọ́kọ́ wo Bọ́ọ̀sì. Kò sí níbẹ̀. Á gòkè lọ sí ilé òbí, Ọkọ̀, á rí i, á sì lò ó fún bọ́ọ̀sì náà. Ká ní kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú, á lọ bá òbí òbí, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ baba ńlá.

Nínú Java, èdè tí James Gosling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Sun Microsystems, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1996, baba ńlá yìí ní orúkọ: Object. Kò sí kíláàsì kan níbẹ̀ tí kì í ṣe àtọmọdọ́mọ rẹ̀. Bí a bá dé ọ̀dọ̀ Object tí òun náà kò mọ iṣẹ́ tí à ń wá, a jẹ́ pé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Java kò tilẹ̀ ní jẹ́ kí irú ètò bẹ́ẹ̀ gbéra. Python á jẹ́ kó gbéra, á wá dá a dúró lójú ọ̀nà. Ẹ̀rọ ní ọgbọ́n tó fi ń gé ìrìn yìí kúrú, ó máa ń to àwọn èsì sílẹ̀ kó tó di pé wọ́n bi í, ṣùgbọ́n ibi kan náà ni ó ń já sí.

Ọmọ lè sọ pé bí bàbá mi ti ń sanwó kọ́ lèmi ó ti san. Bọ́ọ̀sì lè kọ sanwó tirẹ̀, èyí tó ń ka orí èrò. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ní kí bọ́ọ̀sì sanwó, ti Bọ́ọ̀sì ló máa bá pàdé, torí pé ilé ọmọ ni ìbéèrè ti ń bẹ̀rẹ̀. Ti bàbá kò parẹ́ o, akẹ́rù ṣì ń lò ó. Bí ọmọ bá sì fẹ́ ṣe ti bàbá kó tó fi tirẹ̀ kún un, ọ̀rọ̀ kan wà fún un nínú Java, super. Ó já sí pé: má wo ilé mi, ilé òbí mi ni kí o lọ tààrà.

Àwọn èdè kò fi ojú kan wo ẹ̀tọ́ ọmọ yìí. Nínú C++, òbí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i: ẹni tó kọ Ọkọ̀ ní láti fi ọ̀rọ̀ virtual síwájú sanwó kí tọmọ tó lè rọ́pò rẹ̀ níbi gbogbo. Inú Simula 67 ni ọ̀rọ̀ virtual yìí ti wá. Java yí i padà. Níbẹ̀, ẹnu ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún ọmọ láti fi tirẹ̀ rọ́pò ti òbí, àfi èyí tí òbí bá tì, bí èyí tó kọ final sí. Èwo ló dára jù? Ẹ dúró ná.

Ẹni tí a pè kì í yí padà

Títí dé ibí, ọ̀rọ̀ náà dùn. Ohun tó kàn ni àwọn tó ń kọ́ni sábà máa ń sáré kọjá. Mẹ́tọ́ọ̀dù òbí náà a máa pe mẹ́tọ́ọ̀dù mìíràn. Ká ní nínú kíláàsì Ọkọ̀, ìlànà kọjá sọ pé: sanwó ná, kí o tó gun afárá. Bọ́ọ̀sì kò kọ kọjá tirẹ̀, ti bàbá ló ń lò. Nígbà tí ẹ̀rọ bá wà nínú kọjá, nínú ilé bàbá, tó dé ibi tí wọ́n ti ní kó sanwó, sanwó ta ni yóò lò?

Ẹni tó bá ń fi ojú ogún pínpín wò ó á ní ti bàbá ni, àbí kì í ṣe ilé bàbá la wà? Rárá o. Ẹ̀rọ á padà sọ́dọ̀ ẹni tí a pè níbẹ̀rẹ̀, ìyẹn bọ́ọ̀sì, á tún bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè láti ilé ọmọ. Sanwó ti Bọ́ọ̀sì ni yóò bá pàdé, orí èrò ni yóò sì kà. Pé a dé ilé bàbá kò sọ pé bàbá la pè. Smalltalk àti Python pe ẹni náà ní self, Java àti C++ pè é ní this.

Agbára ńlá ló wà nínú èyí. Ó jẹ́ kí òbí kọ ìlànà kan lódindi, kí àwọn ọmọ kàn máa fi tiwọn dí ojú ibi tó yẹ. Ṣùgbọ́n ó tún já sí pé òbí kò mọ ẹni tó máa dáhùn mọ́ nígbà tó bá pe orúkọ nínú ilé ara rẹ̀, ọmọ náà kò sì mọ ìgbà tí wọ́n máa pe òun.

Joshua Bloch, tó wà lára àwọn tó kọ àwọn kíláàsì Java fúnra wọn, fi àpẹẹrẹ kan hàn nínú ìwé rẹ̀, Effective Java, tó jáde ní 2001. N ò rí èyí tó ṣe kedere jù ú lọ. Kíláàsì kan wà tó ń jẹ́ HashSet. Ó dà bí àpò tí a ń kó nǹkan sí, tí kì í gba ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́tọ́ọ̀dù add ń fi ohun kan sí i, addAll ń kó ohun púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan. Ẹnìkan wá fẹ́ máa ka iye ìgbà tí wọ́n ti fi nǹkan sínú àpò náà. Ó kọ kíláàsì ọmọ fún HashSet. Nínú add ti ọmọ, ó fi 1 kún iye, ó sì fi super ní kí òbí ṣe iṣẹ́ tó kù. Nínú addAll ti ọmọ, ó wo iye ohun tí wọ́n kó dé, ó fi í kún iye, ó sì ní kí òbí ṣe iṣẹ́ tó kù. Ta ni kò ní sọ pé ó ti ṣe é dáadáa? Ó fi addAll kó ohun 3 sínú rẹ̀. Ó béèrè iye. Ẹ̀rọ dá a lóhùn: 6.

Báwo ló ṣe jẹ́? AddAll ti ọmọ ka 3, ó wá fi iṣẹ́ lé òbí lọ́wọ́. Bí òbí ti ń ṣe addAll tirẹ̀ ni pé ó ń mú àwọn ẹrù náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń pe add fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Add ta ni? Ti ọmọ ni, nítorí ọmọ la pè níbẹ̀rẹ̀. Add ti ọmọ sì fi 1 kún iye ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Mẹ́ta àti mẹ́ta, mẹ́fà. Ohun kọ̀ọ̀kan di kíkà lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sí ìlà kan nínú ohun tí ẹni náà kọ tí a lè nàka sí pé irọ́ nìyí.

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ̀fà tiwa yìí gan-an ní ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni náà lè sọ pé kò burú, mà á yọ addAll kúrò nínú ti ọmọ, kí add nìkan máa kà. Bẹ́ẹ̀ ni, iye á padà di 3. Ṣùgbọ́n ó ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ ka orí àṣírí inú ilé òbí, pé addAll ń gba ọ̀dọ̀ add kọjá. Bí ẹni tó ni HashSet bá rí ọ̀nà tó yá jù lọ́la, tó ń kó ẹrù sínú àpò tààrà láìpe add, iye á di 0. Ọmọ kò yí lẹ́tà kan padà, síbẹ̀ ó ti bàjẹ́.

Ilẹ̀kùn tuntun nílé baba àgbà

Bí ẹnìkan bá ń sọ pé àṣìṣe ìkaye lásán nìyẹn, kó gbọ́ èyí. Nínú Java, kíláàsì kan wà tó ń jẹ́ Provider. Iṣẹ́ ààbò ni tirẹ̀: inú rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ àwọn ọ̀nà tí ètò kọ̀ǹpútà fi ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ lójú ẹlòmíràn, tó sì fi ń dá ìfọwọ́sí tòótọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ayédèrú. Òbí Provider ni Properties, òbí Properties ni Hashtable. Hashtable jẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ gbogbogbòò. Put la fi ń kọ nǹkan sínú rẹ̀, remove la fi ń pa á rẹ́. Àwọn tó kọ Provider mọ̀ pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣàdédé wá pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Wọ́n kọ put àti remove tiwọn, wọ́n fi oníbodè sí ẹnu méjèèjì: ẹni tí kò bá ní àṣẹ, kò gbọdọ̀ kọjá.

Ní 1998 ni Java 1.2 jáde. Wọ́n tún àwọn kíláàsì tí a fi ń kó nǹkan jọ ṣe, Hashtable náà sì gba mẹ́tọ́ọ̀dù tuntun, entrySet. Èyí ń gbé gbogbo àkọsílẹ̀ inú ìwé náà síwájú ẹni bí ẹni tú àpò palẹ̀, ohun tí ẹni náà bá sì mú kúrò níbẹ̀ ti kúrò nínú ìwé. Fún Hashtable, kò sí aburú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Provider ń jogún. Lọ́jọ́ tí wọ́n lu ilẹ̀kùn tuntun sí ilé baba àgbà, ilẹ̀kùn kan náà yọ sí ilé ọmọ-ọmọ, kò sì sí oníbodè lẹ́nu rẹ̀, torí kò sí ẹni tó kọ entrySet tuntun fún Provider. Aláìláṣẹ tí wọ́n máa dá padà lẹ́nu remove lè gba ẹ̀yìn wọlé kó pa àkọsílẹ̀ ààbò rẹ́. Wọ́n padà dí i. Àwọn tó ni Java fi ìtàn náà sínú ìlànà tí wọ́n kọ fún ètò tó láàbò, kí ẹlòmíràn lè fi í kọ́gbọ́n.

Ta lẹ̀bi? Ẹni tó tún Hashtable ṣe kò ṣe ohun tí kò yẹ. Kò sì sí bó ṣe lè mọ gbogbo ọmọ tí wọ́n ti bí fún un káàkiri ayé. Ẹni tó kọ Provider náà ti dí gbogbo ọ̀nà tó wà lọ́jọ́ tó kọ ọ́. Èmi gbà pé ìpinnu àkọ́kọ́ ló ní ẹ̀bi, pé kí Provider jẹ́ àtọmọdọ́mọ Hashtable rárá. Ìwé àkọsílẹ̀ ni Provider nílò. Kò nílò láti di ọmọ ìwé àkọsílẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ní orúkọ fún àrùn yìí, wọ́n ń pè é ní ìṣòro kíláàsì ìpìlẹ̀ ẹlẹgẹ́. Leonid Mikhajlov àti Emil Sekerinski tẹ ìwádìí kan jáde lórí rẹ̀ ní 1998 kan náà.

Bí òbí bá di méjì

A ò ní pẹ́ níbí. C++ ti gba kí ọmọ ní òbí méjì láti 1989. Java kọ̀ ọ́ fún kíláàsì, ó ní òbí kan tó. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí àwọn òbí méjèèjì bá jẹ́ ọmọ baba kan náà, tí àwọn méjèèjì sì mọ iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ orúkọ kan, ilé ta ni a ó kọ́kọ́ yà? Python ní èsì tó mọ́lẹ̀ sí i. Láti ẹ̀dà 2.3 tó jáde ní 2003, ó ń to gbogbo ìdílé sí orí ìlà kan ṣoṣo: ọmọ ṣáájú òbí, òbí tí a kọ́kọ́ dárúkọ ṣáájú èkejì, baba àgbà lẹ́yìn gbogbo ọmọ rẹ̀. Ìlànà yìí, tí wọ́n ń pè ní C3, ti jáde ní 1996 fún èdè mìíràn tó ń jẹ́ Dylan.

Ohun tó ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu ni super ti Python. Kì í ṣe òbí ló ń wá, ẹni tó kàn lórí ìlà ló ń wá, ìlà náà sì jẹ́ ti ọ́bújẹ́ẹ̀tì tí a pè níbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, super tí a kọ sínú ilé òbí àkọ́kọ́ lè gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ òbí kejì, ẹni tí kì í ṣe bàbá rẹ̀, tí kò sì mọ̀ ọ́n rí. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìlà náà fúnra rẹ̀, kó kọ orúkọ kíláàsì, kó fi .__mro__ tẹ̀ lé e, Python á tò ó síwájú rẹ̀.

Jẹ́ àti ní

Barbara Liskov sọ ọ̀rọ̀ kan níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ ní 1987 tó di òṣùwọ̀n títí dòní. Kókó rẹ̀ ni pé níbi tí ètò kan bá ti ń retí òbí, bí a bá fi ọmọ dúró níbẹ̀, kò yẹ kí iṣẹ́ náà bàjẹ́. Kì í ṣe pé kí orúkọ mẹ́tọ́ọ̀dù bára mu nìkan. Ìwà gbọ́dọ̀ bára mu. Èdè wa fún wa ní ìdánwò kékeré kan fún èyí: ṣé jẹ́ ni, àbí ní? Bọ́ọ̀sì jẹ́ ọkọ̀. Bọ́ọ̀sì ní táyà. Ẹni tó bá sọ Bọ́ọ̀sì di ọmọ Táyà torí pé Táyà mọ̀ ọ́n yí, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò dùn létí.

Àwọn tó ṣe Java pàápàá ṣi ibẹ̀. Kíláàsì Stack yẹ kó dà bí abọ́ tí a tò léra: orí ni a ń gbé e lé, orí náà ni a ti ń mú un. Vector ni òbí tí wọ́n fún un, Vector sì mọ bí a ṣe ń ti nǹkan bọ àárín tàbí ìsàlẹ̀. Stack wá jogún èyí pẹ̀lú, ẹni tó bá fẹ́ lè ti abọ́ bọ ìsàlẹ̀ láìfọwọ́ kan tòkè. Ó ṣì wà bẹ́ẹ̀ nínú Java títí di òní, ìwé àlàyé Java sì ń darí àwọn ènìyàn sí Deque dípò rẹ̀.

Kí wá ni ká ṣe? Erich Gamma àti àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ kọ ìwé Design Patterns ní 1994 ti gbà wá nímọ̀ràn pé ká máa lo ní ju jẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń ka iye. Dípò kó bí ọmọ fún HashSet, kó kọ kíláàsì Olùkà, kí Olùkà ní HashSet kan nínú àpò ara rẹ̀. Bí wọ́n bá kó ohun 3 dé, Olùkà á kà á, á sì ní kí HashSet gbà á. HashSet lè pe add bó ṣe wù ú. Self tirẹ̀ ni HashSet fúnra rẹ̀, kò mọ Olùkà, add tirẹ̀ ló máa bá pàdé. Iye á jẹ́ 3, bí wọ́n bá tún inú HashSet ṣe lọ́la, á ṣì jẹ́ 3. Bí HashSet bá gba ilẹ̀kùn tuntun, ilẹ̀kùn náà kò ní yọ sí ilé Olùkà àfi bí Olùkà bá lu ú fúnra rẹ̀. Owó tí a ó san fún un ni pé gbogbo mẹ́tọ́ọ̀dù tí a bá fẹ́ la ó fi ọwọ́ ara wa kọ síta, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń súni.

Àwọn tó ń ṣe èdè náà ti gbọ́. Go, tí Google gbé jáde ní 2009, kò ní kíláàsì òbí rárá. Rust náà kò ní. Java kò lè yọ tirẹ̀ kúrò, nítorí ètò tó wà lórí rẹ̀ ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó ti ń fi òté sí i díẹ̀díẹ̀. Láti 2004, ẹni tó bá fẹ́ rọ́pò mẹ́tọ́ọ̀dù òbí lè kọ @Override sí orí tirẹ̀, kí ẹ̀rọ pariwo bí kò bá sí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí. Láti 2021, pẹ̀lú Java 17, òbí lè fi ọ̀rọ̀ sealed dárúkọ àwọn tó gbà láti bí, kí ẹlòmíràn má lè sọ pé ọmọ rẹ̀ lòun. Ìbéèrè tí a fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bóyá kí ẹnu ọ̀nà ṣí ni tàbí kó wà ní títì kí òbí tó fọwọ́ sí i, Java ń rìn padà díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀nà tí Simula gbà.

Ẹni tó bá sì ní òun fẹ́ bímọ fún kíláàsì tí òun kò kọ, kó kọ́kọ́ ka ìwé àlàyé òbí, kó wá ibi tí òbí ti sọ ohun tó ń pè nínú ilé ara rẹ̀. AddAll tí HashSet ń lò, ọ̀dọ̀ AbstractCollection ló ti jogún rẹ̀. Nínú ìwé àlàyé AbstractCollection, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mẹ́tọ́ọ̀dù náà ń mú ohun kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi í kún àkójọ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.